Wọ́n Pààrọ̀ Àbẹ̀ní, Ìyá Mi Kó Wa Sínú Ààwẹ̀

Ẹ gbà mí o, ebi ń pa mí, eré tẹlifíṣàn ló fà á.

Wọ́n pààrọ̀ òṣèré tó ń ṣe Àbẹ̀ní nínú eré tá a máa ń wò nílé.

Láàárọ̀ yìí, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ákínyẹlé, ìyá mi dìde: "Ẹ bá mi gbàdúrà fún Àbẹ̀ní. Ojú rẹ̀ ti yí padà."

Wòlíì ní kí gbogbo ìjọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Mo sọ sí ìyá mi létí pé, "Màámi, òṣèré tuntun mà ni."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Kí ti tẹ́lẹ̀ lè padà wá ni."

Mo fẹ́ jiyàn. Mo wá rántí bí ti tuntun yẹn ṣe ń sunkún láìsí omi lójú.

Mo ṣe àmín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wo eré náà, ta ló máa bá mi gba ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀ náà?