Èmi Ni Wọ́n Rán Lọ Wo Bàbá Tíṣà

Nínú ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì l'Óǹdó, bí ẹnì kan ò bá tíì dé títí a fi gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán, tí kò sì ránṣẹ́, ẹni tó kéré jù ló máa lọ wò ó nílé. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa. Èmi ni ọmọdé ẹgbẹ́. Dírẹ́bà ìjọba ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba l'Álágbàká, l'Ákùúrẹ́, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, wọn ò sì kọ́ wa níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn ilé ẹni tá ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé.

Bàbá tíṣà tó ń dá gbé lọ́nà Bọ́lọ́rundúró ni a ò rí. Òun ló máa ń ṣáájú gbogbo wa dé. Fóònù rẹ̀ ò lọ.

Alága ní, "Àbúrò, ìwọ ni. Yára."

Mo ní kí ẹnì kan bá mi lọ. Ìyá kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí wò mí tòkè tilẹ̀. "Àbí kí n pọ̀n ọ́ ni?"

Mo bẹ ọlọ́kadà pé kó rọra. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, bàbá, ẹ ò ní í pẹ́ débẹ̀," bí ẹni pé ìyẹn ni mò ń fẹ́.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé bàbá ò tì. Mo kí, kí, kò sí ìdáhùn. Rédíò ń dá sọ̀rọ̀ nínú ilé. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, mo yọwọ́. Mo lọ ń wo àwọn adìyẹ rẹ̀ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n rán mi sí. Mo padà wá, mo ti ilẹ̀kùn díẹ̀, ó han gooro, mo bá ara mi nídìí igi gúáfà. Mo wá aládùúgbò títí, gbogbo wọn ti lọ sóko. Nígbà tó yá, mo dijú, mo wọlé. Akọni ọkùnrin.

Ilẹ̀ balùwẹ̀ ni bàbá wà, ẹsẹ̀ kan kákò sábẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

"Mo ti ń gbọ́ bàtà rẹ," ló wí. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọ ológbò lọ. "O wá, o padà. O tún wá, o tún padà. Mo pè ọ́ títí. Ṣé òkú lò ń bẹ̀rù?"

"Rárá, sà. Ẹ̀yin ni."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìrora ò jẹ́. Ìrọ̀lẹ́ àná ló ti ṣubú. Omi ló ní kí n fún òun.

Mo fún un lómi, mo pe Alága, ó fi mọ́tò ránṣẹ́, a sì gbé e lọ sílé ìwòsàn l'Ákùúrẹ́. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, gbogbo kòtò ọ̀nà ni mò ń bẹ̀. Dókítà ní egungun itan ti dá, omi ara rẹ̀ sì ti fẹ́ẹ̀ tán, ṣùgbọ́n yóò yè é.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin sáré dé. "Bàbá, ṣé wọ́n tètè rí yín?"

Mo ń wo ẹsẹ̀ mi. Ó tó ìdajì wákàtí tí mo fi wo adìyẹ.

"Bó ṣe dé ló wọlé," bàbá dáhùn.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ fún mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní kó dìde, ó tó, kò dìde. Bàbá ti dijú, ó ń ṣe bí ẹni tó sùn.