Ṣọ́kì Ẹ̀yìn fún Ọkọ̀ Ìjàpá

Inú ọkọ̀ ìjàpá tí mo ń wà yìí ni bàbá mi kú sí. Wọ́n ń bọ̀ láti Owódé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀yìn mọ́tò ń ta bíi bọ́ọ̀lù, ó sì gbé wọn jù sígbó níbi kọ́nà. Ṣọ́kì ẹ̀yìn méjèèjì, irin tí kì í jẹ́ kí mọ́tò máa ta, ti kú. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi, aláró tó ń ṣe àdìrẹ ní Kemta, ti ń sọ pé ìháwọ́ tí kò jẹ́ kí wọ́n ra ṣọ́kì tó dára ló pa ọkọ àwọn. Tí a bá ń ṣe àdúà fún bàbá mi, ìyá mi kì í bá wa ṣe àmín. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún bínú sí òkú.

Ẹbí ní ká ta mọ́tò náà fún àwọn onírin. Mo kọ̀; orí mi le, ẹni tó mọ̀ mí mọ̀. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì bàbá mi l'Aké, baba arúgbó tó ti ń tún ìjàpá ṣe kí wọ́n tó bí mi. Ní báyìí mo fi ń lọ sọ́jà láàárín ọ̀sẹ̀, tó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, èmi àti àwọn ọkùnrin kan tó ń wa ìjàpá á máa fi sáré ìje, mọ́tò méjì méjì, ní ọ̀nà tuntun kan tí wọn kò tíì ṣí. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀. Ẹnu àwọn ọkùnrin yẹn kò dákẹ́, àfìgbà tí mo fi èéfín kùn wọ́n lójú.

Ṣọ́kì ló wá kù. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà. Tí ẹ bá tẹ iná mọ́ ọn lójijì, imú rẹ̀ á gbé sókè, ìdí rẹ̀ á rì. Tí ṣọ́kì ẹ̀yìn bá rọ̀ jù, mọ́tò á máa jó dípò kó sáré. Tó bá sì le jù, kòtò Kemta á fọ́ ẹni nídìí. Mo fẹ́ àárín méjì, èyí tí wọ́n fi gáàsì kún. Tuntun tó wà lọ́jà kò tẹ́ mi lọ́rùn, ni baba mẹkáníìkì bá ní ká lọ wo àlòkù.

Ọ̀sán gangan la dé àgbàlá tí wọ́n ti ń tú òkú mọ́tò tà lójú ọ̀nà Owódé. Ọyẹ́ bo gbogbo rẹ̀. Ẹyẹ kan ò ké. Tẹ̀sùbáà ṣì so mọ́ dígí mọ́tò kan. Nínú òmíràn, bẹ́líìtì ìjókòó ṣì wà ní dídè, kò sì sẹ́ni tó dè é mọ́ra. Obìnrin tó ni ọjà ní òfin kan: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi òun níbi tí mọ́tò kan kú sí. Ẹ̀rù bà mí, mi ò purọ́.

Bí a ṣe ń yan ṣọ́kì ni pé ká gbé e nàró, ká fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, ká wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Èyí tó kú á wọlé bí ìka ṣe ń wọ ẹ̀kọ gbígbóná, kò ní jáde mọ́. Mo tẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀, òkú ni gbogbo wọn. Ìgbà tó yá, mo tẹ ọ̀kan tí mo rí lábẹ́ tábìlì ọlọ́jà. Ó fi agbára wọlé, ó dúró díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí àyà ẹni tó ń sùn. Ìkejì rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Baba mẹkáníìkì ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀, ọmọ mi. Ó ti kú."

Bẹ́ẹ̀, ó ń gòkè lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo fi epo bẹntiróòlù nù ún. Àmì ọ̀dà funfun yọ lábẹ́ ìdọ̀tí: òǹtẹ̀ àtàǹpàkò ènìyàn, tí àpá ọ̀bẹ là láàárín. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gbọ́n kì í gbé mọ́tò fún mẹkáníìkì láìfi àmì sára ohun tó níye lórí nínú rẹ̀, kí wọ́n má bàa fi òkú pààrọ̀ alààyè. Àtàǹpàkò ni bàbá mi máa ń tì bọ ọ̀dà. Mo mọ àpá yẹn. Ṣọ́kì tó wà lábẹ́ mọ́tò lọ́jọ́ tí bàbá mi kú kò sì ní àmì kankan. Ojú mi ni baba mẹkáníìkì yìí ṣe tú wọn nígbà tí mo gbé mọ́tò lọ bá wọn.

Mo ra méjèèjì, mo ní kí baba mẹkáníìkì dè wọ́n mọ́ mọ́tò mi níbẹ̀. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá ní kí wọ́n wọ mọ́tò, kí wọ́n jókòó tì mí. Mọ́tò náà dúró ṣinṣin lójú ọ̀nà bí ẹni pé èèyàn wíwúwo kan wà lẹ́yìn. Mo wo dígí. Kò sẹ́nì kankan.

Níbi kọ́nà tí bàbá mi kú sí ni mo ti páàkì. Baba náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé mo bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn fi ṣọ́kì bàbá mi yá oníbàárà kan tó ń rìnrìn àjò ọjọ́ méjì, pé gbogbo mẹkáníìkì ló ń ṣe é. Wọ́n fi òkú ṣọ́kì dí àyè rẹ̀, wọ́n fẹ́ dá a padà ní Jímọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni bàbá mi wá gbé mọ́tò. Oníbàárà yẹn kò sì padà wá mọ́.

Mo ní, "Ṣé bàbá mi ò béèrè ni?"

"Wọ́n béèrè. Wọ́n tẹ ìdí mọ́tò, wọ́n ní ó ń ta. Mo ní á rọlẹ̀ tí wọ́n bá ń wà á lọ."

Baba náà ń sunkún. Inú bí mi, ojú bàbá mi sì ń tì mí nítorí ọdún tí mo fi bínú sí wọn. Mo ní ẹnu ara wọn ni wọ́n máa fi sọ ọ́ fún ìyá mi lónìí. Wọ́n ní àwọn ò lè ṣe é, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn láti sọ̀kalẹ̀. Mo nawọ́ kọjá níwájú wọn, mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wọn pa, mo sì kọjú mọ́tò sí Kemta.