Lẹ́tà Tó Dé Fìlà

Ìgbà kì í lọ bí òréré. Ọdún 2016 ni owó epo já wálẹ̀, tí Ọládipọ̀, ẹnjiníà páìpù, bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní Calgary. Ilé ìtọ́jú arúgbó kan ló gbà á, wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́ta wò ó. Bí wọn ò bá fẹ́ ẹ mọ́, tìyàwó tọmọ ni wọn ó kó kúrò ní basement tí wọ́n ń gbé ní Pineridge, kò sì mọ ibi tí wọn ó forí lé.

Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. Òfin ní kí wọ́n máa pe àwọn arúgbó lórúkọ, ẹnu rẹ̀ ò sì gbà á. Ta ló bí i, tí yóò dúró níwájú ìyá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, tí yóò na ṣíbí oúnjẹ sí i, tí yóò ní, “Grace, yanu”? Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ti kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Ará Korea ni ìyá tí wọ́n ń pè ní Grace yìí, tíṣà àwọn ọmọdé ni tẹ́lẹ̀. Àìsàn ti gba English lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló sọ fún Ọládipọ̀ pé “halmoni” ni wọ́n ń pe ìyá àgbà. Ọládipọ̀ lọ pe “almoni”. Ìyá náà ti ìka bọ tíì, ó kọ ㅎ, lẹ́tà h tiwọn, sórí tábìlì: òdo kan, ìlà lórí rẹ̀, ìlà kékeré lórí ìyẹn, bí orí tó dé fìlà. Ó wá na àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu Ọládipọ̀, kí èémí lẹ́tà náà kàn án. Ẹni tó ń sọ h nù nínú “house”, tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ “egg”, níbo ló ti fẹ́ rí i?

Ọjọ́ Friday tí oṣù mẹ́ta pé, ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ìwé tó ń kọ èsì iṣẹ́ Ọládipọ̀ sí. Ìyá ò tíì jẹun láti àárọ̀. Ọládipọ̀ bu oúnjẹ sí ṣíbí.

“Halmoni, ẹ jọ̀ọ́.”

Ìyá na àtẹ́lẹwọ́, ó gbọnrí. Kò tó. Ọládipọ̀ tún un pè, ó tún un pè. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, ìyá yanu. Kì í ṣe pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, àánú ló ṣe é. Ó jẹ ẹ́ tán.

“That's not her name, Dipo,” ọ̀gá wí.

“I know, ma.” Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

Ọ̀gá wo abọ́ tó ṣófo títí, ó pa ìwé rẹ̀ dé. “See you Monday.”

Èémí tó ti há sí Ọládipọ̀ láyà láti ọjọ́ tí iṣẹ́ epo ti bọ́ tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: hàà! Ìyá yára gbé àtẹ́lẹwọ́ síbẹ̀, ó gbà á, ó sì rẹ́rìn-ín: ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti mọ h pè.