Ìyá Jẹ́jẹ́ Ò So Sàléńsà

Àpótí kan ṣoṣo ló kù nínú fọ́ọ̀mù yẹn. Bíréèkì ti gba àmì. Iná iwájú, iná ẹ̀yìn, họ́ọ̀nù, bẹ́líìtì, táyà, gbogbo wọn ti gba àmì. Èyí tó kù, wọ́n kọ "Ìwọ̀n Èéfín" sórí ẹ̀, ó sì ṣófo bí àpò ọ̀lẹ.

Ọ̀gá tó ń yẹ mọ́tò wò di ọ̀pá ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín mú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ mọ́tò, ó dìde. Ó yí mọ́tò ká bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, sàléńsà yín dà?"

"Kò ní."

"Ṣé ó já bọ́ lọ́nà ni?"

"Wọn ò bí i mọ́ ọn. Iná ló ń lò, ọ̀gá. Kí ló fẹ́ fi ọ̀pá èéfín ṣe?"

Ìyá Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, kò tiẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó gbé ìgúnpá sójú fèrèsé, ó ń wo ọkùnrin náà bí ẹni ń wo ọmọ tó wọ bàtà òsì sẹ́sẹ̀ ọ̀tún.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ obìnrin yìí ná kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ogún ọdún gbáko ló fi wa takisí elépo. Kò sí mẹkáníìkì kan tí ò mọ orúkọ ọmọ ẹ̀, torí ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé ju ilé ẹ̀ lọ. Lónìí pílọ́ọ̀gì, lọ́la fáànù, lọ́túnla ọ́ìlì ń jò bí imú ọmọdé. Ìgbà tó pé ẹni àádọ́ta ọdún, ó ta á dànù, ó fi gbogbo owó tó kó jọ ra mọ́tò oníná tẹ́nì kan ti lò díẹ̀. Yéè! Àwọn ará ibi tí takisí ń tò sí ríran wò. "Jẹ́jẹ́" tí wọ́n ń pè é yẹn, èébú ni nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, torí mọ́tò náà kì í pariwo. Wọ́n ní fóònù onítáyà ló rà. Wọ́n ní tójò bá rọ̀, iná á gbé e. Òjò rọ̀, iná ò gbé nǹkan kan. Ìyá Jẹ́jẹ́ wa gba inú àgbàrá kọjá jẹ́jẹ́, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín wà létí ọ̀nà, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, omi ń kán nírun wọn.

Kì í ṣe pé mọ́tò yẹn jẹ́ áńgẹ́lì o. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì ò ṣe rẹ́gí látilé iṣẹ́ tí wọ́n ti tò ó. Ìka èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àlàfo ẹ̀ wọlé. Ike kan wà nídìí ibi tí wọ́n ń fọwọ́ lé níwájú, ó ń ké bí eku, àfìgbà tí ìyá yìí fi fóòmù dí i lẹ́nu. Táyà ẹ̀ tètè máa ń jẹ, torí bátìrì yẹn wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó kọ̀, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn: ilẹ̀kùn ò ṣí, iná ò tàn. Àwọn awakọ̀ kó jọ bí ẹni wá síbi òkú. Wọ́n ní bátìrì ńlá ti lọ nìyẹn, kó lọ talé kó fi ra òmíì. Ìyá Jẹ́jẹ́ ṣí ìwé tó bá mọ́tò wá, ó kà á débi tó yẹ, ó rí i pé bátìrì kékeré ló kú, irú èyí tó wà nínú mọ́tò tiwọn náà. Ó pààrọ̀ ẹ̀ fúnra ẹ̀, wọn ò tíì kẹ́dùn tán. Ó tó ọdún mẹ́ta tó ra mọ́tò yẹn báyìí, mẹkáníìkì ò tíì fọwọ́ kàn án.

Iṣẹ́ tó ń fi í ṣe ni pé ó ń gbé àwọn tí kíndìnrín ń dà láàmú lọ sílé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó sì ń gbé wọn padà. Ilé ìwòsàn wá ní awakọ̀ tí ò bá mú ìwé àyẹ̀wò mọ́tò wá kí aago mẹ́rin ọjọ́ yẹn tó lù, wọ́n á kó àwọn aláìsàn ẹ̀ fẹ́lòmíì. Ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn náà ló jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ náà, Bàbá Tísà. Bàbá yìí, tí wọ́n bá ti fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tán, òórùn epo ò gbọ́dọ̀ kan imú ẹ̀. Á bì títí dé ẹnu ọ̀nà ilé. Inú mọ́tò yìí nìkan ló ti ń sùn délé. Ó ní òun máa tẹ̀ lé e wá, bóyá wọ́n á fẹ́ ẹlẹ́rìí.

Àbúrò Ìyá Jẹ́jẹ́ lọ́kùnrin, wẹ́dà ni, géètì ibi àyẹ̀wò yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà. Ó ti gbọ́. Ó sáré dé, ó gbé sàléńsà ògbólógbòó kan léjìká.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dara yín láàmú. Bóòtù méjì ni. A ó ki àkísà tó mu ọ́ìlì sínú ẹ̀, a ó ṣáná sí i díẹ̀, á máa rú fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ á rí nǹkan kà, wọ́n á lu òǹtẹ̀. Àwọn méjì tó nírú mọ́tò yín nílùú yìí, èmi ni mo ṣe tiwọn."

Ìyá Jẹ́jẹ́ wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"O fẹ́ kí n sọ mọ́tò tó mọ́ di onídọ̀tí, kí wọ́n lè fún mi níwèé pé ó mọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, báyé ṣe rí nìyẹn."

"Ayé tìẹ nìyẹn. Gbé irin ẹ kúrò lẹ́yìn mọ́tò mi, kí n tó fẹ̀yìn rìn lù ẹ́. O ò sì ní gbọ́ pé ó ń bọ̀."

Àbúrò gbé sàléńsà, ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gá àyẹ̀wò, tó ti ń ṣe bíi pé etí òun ò sí níbẹ̀, wá súnmọ́ fèrèsé.

"Màmá, ẹ gbàmọ̀ràn. Àpótí ò gbọ́dọ̀ ṣófo."

"Ẹ kọ òdo sí i."

"Ẹ̀rọ ò gba òdo. Tó bá ti rí òdo, á ní òun bàjẹ́, kò ní tẹ ìwé jáde."

"Ó dáa. Ẹ kọ ọ́ pé mo féèlì."

Ara tu ọkùnrin náà. Ó gbé bírò.

"Ṣùgbọ́n ẹ kọ ìdí ẹ̀ o," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé, 'Mo lé mọ́tò yìí padà torí pé kò rú èéfín.' Kẹ́ ẹ kọ orúkọ yín sí i. Màá lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn."

Bírò dúró lófuurufú. Bàbá Tísà na ọrùn síta.

"Kọ ọ́ kó hàn o, ọmọ mi. Mo máa ń yọ máàkì tí ìkọ̀wé ò bá dáa."

"Ẹ wa mọ́tò yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àwọn ẹlòmíì wọlé," ni ọ̀gá wí.

"Mi ò kúrò. Ẹ fún mi níwèé pé mo yege tàbí ìwé pé mi ò yege. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni mo bá wá."

Ó yí fèrèsé sókè.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọbi àyẹ̀wò. Mọ́tò mẹ́tàdínlógún tò sẹ́yìn ẹ̀, oòrùn ń ta, ẹ́ńjìnnì ń kùn, epo ń jó lásán. Nínú mọ́tò Ìyá Jẹ́jẹ́, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ yẹ́ẹ́, o ò lè mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó tẹ̀ lé e gan-an ni ọkùnrin onítakisí kan tí wọ́n ń pè ní Rádíétọ̀, torí omi tó ń gbé kiri ju èrò lọ. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wá ń kan gíláàsì.

"Ìyá Jẹ́jẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò mi ti ń hó!"

"Ìgbà wo ni kì í hó?"

Ẹ̀rín gba ìlà kan.

"Ẹ so nǹkan yẹn mọ́ ọn ká lè ríbi lọ! Kí lẹ fẹ́ fi hàn gan-an?"

"Pé mi ò purọ́. Lọ bomi sí mọ́tò ẹ."

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, àyà ń já a. Aago méjì kọjá. Aago méjì ààbọ̀ kọjá. Sàléńsà yẹn ń bẹ ní géètì, bóòtù méjì péré. Bàbá Tísà rí i bó ṣe ń wo géètì.

"Tó bá jẹ́ torí tèmi ni, so ó. Mi ò ní bínú."

"Bàbá, ọdún mélòó lẹ fi kọ́ni níṣirò?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Tí ìdáhùn bá jẹ́ òdo, tọ́mọ kan wá kọ mẹ́ta, torí ó gbọ́ pé tísà ò fẹ́ràn òdo ńkọ́?"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Màá fa etí ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká jókòó nígbà yẹn."

Ọ̀gá àyẹ̀wò padà dé, àágùn ti jẹ kọ́là ẹ̀. Ó ń wá nǹkan míì tó lè fi lé e. Ó tẹ ibí, ó gbọn ọ̀hún, títí ó fi dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ilẹ̀kùn yìí ò ṣe déédéé!"

Ìyá Jẹ́jẹ́ yí fèrèsé wálẹ̀. "Òótọ́ ni. Bó ṣe tilé iṣẹ́ wá nìyẹn, iṣẹ́ jákujàku ni wọ́n ṣe níbẹ̀. Ó ń tì o, àmọ́ kò ṣe déédéé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọkùnrin náà dúró. Láti ọdún tó ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹ̀bẹ̀ ló ń gbọ́, àlàyé ló ń gbọ́, kò rẹ́ni tó ní kó kọ àléébù mọ́tò òun sílẹ̀ rí. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tì í, ó fà á wò. Ó kọ ọ́: *Àlàfo wà. Ó ń tì.* Ó wá wo ọ̀pá ẹ̀rọ ọwọ́ ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ yìí ló bàjẹ́," ó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, "òdo ló máa kà níbi gbogbo."

Ó gbé ọ̀pá sídìí mọ́tò Ìyá Jẹ́jẹ́. Òdo. Iná pupa tàn pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Ó yí padà, ó ki ọ̀pá bọ sàléńsà Rádíétọ̀.

"Kí ló kàn mí? Mi ò sí lọ́rọ̀ yín o!"

Ẹ̀rọ ké yánńyán. Nọ́ńbà fò sókè, ó kọjá ibi tí nọ́ńbà parí sí.

"Ẹ̀rọ ò bàjẹ́," ni ọ̀gá wí.

"Rádíétọ̀ ló bàjẹ́!" lẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fọ́ọ̀mù lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ibi tí ò gbóná, ó fọwọ́ kọ òdo ńlá sínú àpótí náà, ó rí róbótó bí ẹyin. Ó kọ orúkọ ara ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó lu òǹtẹ̀.

"Tí àwọn ọ̀gá mi bá bi mí ńkọ́?"

"Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé mi. Kí wọ́n mú ẹ̀rọ dání."

Aago mẹ́ta ti kọjá dáadáa. Bó ṣe fẹ́ ṣí, Rádíétọ̀ yọjú sí fèrèsé. Mọ́tò tiẹ̀ ti féèlì, ó sì ti hó kú síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n... apá ibo lẹ ń lọ?"

"Ilé ìwòsàn. Wọlé, má fi àkókò mi ṣòfò."

Ó kó sẹ́yìn lápá òsì, ó gbá ilẹ̀kùn. Kò tì. Ó tún gbá a.

"Gbé e sókè díẹ̀ kó o tó fà á."

Ó gbé e. Ó tì. Ní géètì, àbúrò wẹ́dà kọ̀yìn sọ́nà, sàléńsà ṣì wà léjìká ẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan, àfi họ́ọ̀nù lẹ́yìn etí ẹ̀: páà! Ó fò, irin já bọ́ lulẹ̀, Bàbá Tísà sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méje ni wọ́n dé. Akọ̀wé ilé ìwòsàn gba ìwé, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Màmá, bírò ni wọ́n fi kọ èyí. Òdo lásán ni wọ́n kọ síbi èéfín."

"Kì í ṣe òdo lásán," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ wí, ó gbé ìgúnpá lé káńtà. "Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó dè é. Fi síbi tó yẹ, kó o sì kọ orúkọ Bàbá Tísà sábẹ́ tèmi."