Orin Ẹranko Òkun ní Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Bẹ̀yẹrúnkà n'Íbàdàn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé tó sì gbálẹ̀ ló ni orin títí di ìrun ọ̀sán. Ohun tó bá wù ú ló máa fi sí sípíkà. Èmi ni mo sábà máa ń kọ́kọ́ dé, nítorí kò sí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ nílé láàárọ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń yọ̀ǹda orin fún ẹlòmíràn, wọ́n á sì fi fújì tàbí orin ìyìn sí i.

Mo ní orin tèmi. Ọkùnrin tó ń bá èèyàn kó orin sínú mẹ́mórì ní Bẹẹrẹ ló dà á mọ́ àwọn tí mo bẹ̀ ẹ́ fún. Gìtá ni, pẹ̀lú ìlù tó ń sáré, kò sẹ́ni tó ń kọrin. Gìtá náà á máa gbọ̀n bí omi tó ń ru, ìró wúwo kan á wá máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹsẹ̀ tó ń janlẹ̀. Àwòrán tó ń yọ lójú fóònù jẹ́ ti ẹranko ńlá kan tó dìde láàárín òkun, tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Fíìmù irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń wò kó tó lọ ṣiṣẹ́ ní Kánò. Bí gbogbo ìlú bá ń sá fún ẹranko náà, ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Wò ó, kò mọ ẹnì kankan níbí." Ó wù mí kí ẹnì kan tún gbọ́ ohun tí mò ń gbọ́ nínú orin yẹn.

Lọ́jọ́ kan, mo gbálẹ̀ tán, mo fi í sí i.

Gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ń dúró de olórin. Orin àkọ́kọ́ parí, èkejì bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá wa ṣì ń mi orí, ó ń retí.

"Àbí olórin yìí ò tíì jí ni?" ọmọbìnrin tó jókòó tì mí bèèrè.

"Bóyá kò tètè rí ọkọ̀," ọ̀gá wa dáhùn.

Mo ní, "Ẹ má bínú mà, kò sí olórin níbẹ̀. Ẹranko ni. Ó ń jáde bọ̀ látinú òkun."

Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gbogbo ẹ̀rọ fi dúró.

"Òkun wo ló wà n'Íbàdàn? Ibo ló wá dé báyìí?" ẹnì kan bèèrè.

"Ó ti kọjá Orítamẹ́rin, ó ti ń wọ Ọjà'ba," ẹlòmíràn dáhùn.

"Páànù ilé bàbá mi gbé, ó ti dípẹtà tẹ́lẹ̀."

"Kó má fẹsẹ̀ kan gbọ̀ngàn Mápó o," ọmọbìnrin náà ní, "ibẹ̀ ni màá ti ṣègbéyàwó."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n orin tí mo fẹ́ràn jù bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹ̀rín náà, èyí tí gìtá kan ṣoṣo ń rọra lọ, bíi pé ẹranko náà ti wó gbogbo nǹkan tán, tó wá wẹ̀yìn, tí kò rí ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ ní kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Orin náà parí, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

"Ọmọ mi, bá wa fi èyí tó ń sọ̀rọ̀ sí i," ọ̀gá wa wí jẹ́jẹ́. Ìrun ọ̀sán ò tíì tó. Mo yọ mẹ́mórì mi.

Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo tún kọ́kọ́ dé. Ọmọbìnrin yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹranko Òkun, ṣé wàá tún yọ sí wa lónìí ni?"

Orúkọ tí wọ́n wá ń pè mí nìyẹn. Mo mi orí pé rárá, mo gbé sípíkà fún un, mo sì jókòó, mo ń ká aṣọ oníbàárà létí.