Irun Màmá Galina

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Ayọ̀níkẹ́ ti ń ṣe onídìrí ní àdúgbò Gesundbrunnen nílùú òyìnbó, kò sì sí èdè tí wọn kì í fi bú irun ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Màmá Galina, ìyá àgbà ará Rọ́ṣíà, wá jókòó, ó fa irun funfun rẹ̀ tó gùn dé èjìká.

"Gé patly yìí kúrò pátápátá. Ọ̀la ni ìgbéyàwó ọmọ mi obìnrin ní Hamburg, mi ò fẹ́ dójú tì í."

"Kí ni wọ́n ń pè ní patly, Mà?"

"Irun gígùn wúruwùru tí kò rí òòyà. Ìyá lè fi bá ọmọ rẹ̀ wí, èèyàn sì lè fi tara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ sí àlejò o, ìjà ni."

Àánú irun náà ṣe Ayọ̀níkẹ́. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í fọwọ́ kan orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bú. Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ ná."

Màmá rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa orí rẹ̀. "Orí mi, má bínú."

Ayọ̀níkẹ́ fi òróró sí irun náà, ó yà á, ó sì dì í yíká orí bí adé. Màmá wo dígí títí.

"Ó jọ pé èmi gan-an ni ìyàwó," ló wí. "Ọmọ mi máa jowú."