Rodiyat àti Pátákó Ṣáájì Bàbá Dáramọ́lá

Bí ẹ bá gbé fóònù tó kú lọ bá Rodiyat ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Enugu, ẹ má sọ fún un pé ṣe ló ṣàdédé kú. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ra ìjà. "Ṣàdédé?" ni yóò wí, tí yóò gbójú sókè láti orí iṣẹ́. "Ṣé àìsàn ọkàn ló ní ni? Ẹ sọ ohun tí ẹ fojú ẹ̀ rí fún mi."

Kì í ṣe pé ó kórìíra oníbàárà. Irọ́ ni kò lè gbà. Láti ọdún mọ́kànlá tó ti ń tún fóònù ṣe, gbogbo ayé ló ti purọ́ fún un. Wòlíì kan wà tó ní fóònù òun kò kan omi rí, bẹ́ẹ̀ omi ń kán lára fóònù náà sórí tábìlì bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Ọkùnrin ará Ngwo kan ní ṣájà òun ni kò dáa mọ́. Nígbà tí Rodiyat fi abẹ́rẹ́ tu ẹnu ihò tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀, aṣáà ló ń tú jáde, èyí tí àgbàlagbà méjì lè fín yó. Inú àpò kan náà ni ọkùnrin yìí ń kó aṣáà àti fóònù sí. Rodiyat sín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó lé ọkùnrin náà jáde, lẹ́yìn náà ló pè é padà pé kó wá gba fóònù rẹ̀, ó ti dáa.

Bàdírù ará Ìsẹ́yìn, bàbá rẹ̀, aago ọwọ́ ló ń tún ṣe nílùú yìí títí fóònù fi gbaṣẹ́ lọ́wọ́ aago. Nígbà tí bàbá kú, Rodiyat jókòó sídìí tábìlì kan náà, ó kó aago kúrò, ó kó fóònù sí i. Òun nìkan ni obìnrin láàárín àwọn atúnfóònùṣe tó wà ní ìlà ìsọ̀ náà. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ilé ìdáná ń pè é. Nígbà tó yá, àwọn náà ló ń yọ́ gbé fóònù tó bá dà wọ́n láàmú wá fún un, yóò sì gbà á lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú èébú. Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ korò, ṣùgbọ́n bó bá ti ní fóònù kan dáa, ó dáa náà nìyẹn.

Lọ́dún yìí ni tiransfọ́mà kan jó ní Idaw River Layout, tí odidi àdúgbò wà nínú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí ni òkú fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ìsọ̀ Rodiyat.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Rita wọlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi fóònù rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn. Télọ̀ ni Rita. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Enugu ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kò sì ju èyí tó fi ń kí ìyá rẹ̀ àgbà lọ. Orí fóònù yìí ni àwọn oníbàárà ti ń fi òṣùwọ̀n àti àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí i.

"Àǹtí Rodi, abeg no vex," ló wí. "E don off again."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí!" Rodiyat já fóònù náà gbà. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò tíì ṣí i tán tí òórùn nǹkan jíjó fi gba imú rẹ̀. Bátìrì náà ti wú bí àkàrà. Ó gbé gíláàsì tí bàbá rẹ̀ fi ń wo inú aago sójú, ó wo ẹnu ihò ṣájà: gbogbo irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ti jó dúdú. Bátìrì tuntun ni òun fúnra rẹ̀ fi sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bátìrì tuntun kì í sì í déédéé wú. Bí bátìrì bá ń bàjẹ́ lára fóònù kan léraléra, ẹ má bi fóònù, ẹ bi ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ọ.

"Níbo lo ti ń ṣáájì ẹ̀?"

"Baba Dáramọ́lá place. Everybody dey charge there now."

Rodiyat fa abọ́ tó kó àwọn fóònù ọ̀sẹ̀ náà sí mọ́ra, ó ń pe àwọn tó ni wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Níbo lẹ ti ń ṣáájì? Lọ́dọ̀ Bàbá Dáramọ́lá. Ìwọ ńkọ́? Baba Dáramọ́lá. Títí dórí ẹnì kẹsàn-án, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn dá.

Ohun tó bí i nínú jù ni pé òun ló ṣe pátákó tí Bàbá fi ń ṣáájì. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ló ṣe é, ìlà mẹ́rin, fóònù mẹ́fà mẹ́fà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ ń mu iná lára bátìrì sólà. Iṣẹ́ tí òun fọwọ́ ara òun ṣe kò lè pa fóònù. Ẹnì kan ti tú u. Bàbá ti gbé e fún ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́kúṣẹ́ tí kò mọ iná mọ omi, ó sì ti bà á jẹ́. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó wọ kẹ̀kẹ́, Rita tẹ̀ lé e.

Abẹ́ agbòòrùn níwájú ilé rẹ̀ ni Bàbá Dáramọ́lá jókòó sí. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ìdajì àwọn tó ń gbé àdúgbò náà ló kọ́ níwèé, Rodiyat wà lára wọn. Pátákó ṣáájì yìí ló ń bọ́ òun àti ìyàwó rẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó jáde mọ́. Èèyàn bí mẹ́wàá ló dúró yí i ká láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, fóònù sì kún orí pátákó fọ́fọ́.

Rodiyat kò kúnlẹ̀, kò kí i. "Bàbá, ta lẹ gbé pátákó yìí fún tó tú u?"

"Rodiyat. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà kọ́! Fóònù mẹ́sàn-án ni pátákó yín ti pa. Ta ló tú u?"

"Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan inú rẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti gbé e fún mi," ni Bàbá wí.

"Ẹ ń purọ́."

A kì í wí bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà, kódà bó bá ń purọ́ lóòótọ́. A máa ń ní, "Bàbá, bóyá ẹ gbàgbé ni." Ọmọ tó bá ní ìtìjú á ní bóyá òun ni òun ò gbọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n orí Rodiyat ti gbóná, ó tún un sọ, ó sì fi Pidgin sọ ọ́ kí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè gbọ́: "Baba dey lie!" Kíá làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í já fóònù wọn kúrò lórí pátákó. Bàbá ń wò wọ́n.

Bó bá mọ síbẹ̀, ìbá sàn. Ṣùgbọ́n inú kẹ̀kẹ́ tó gbé e padà ni Rodiyat ti gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí Wáásáàpù àdúgbò: kí ẹnikẹ́ni má ṣáájì lọ́dọ̀ Bàbá Dáramọ́lá mọ́, ó ti ba pátákó jẹ́, ó sì ń purọ́ lé e. Ẹyin lohùn, ẹ ti gbọ́ ìyẹn rí. Ohùn yìí tilẹ̀ ní ìyẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń gbọ́ ọ ní Emene, ní ìpẹ̀kun ìlú lọ́hùn-ún.

Lọ́jọ́ kẹta, kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú ìsọ̀ Rodiyat. Bàbá Dáramọ́lá ló sọ̀ kalẹ̀, ó gbé pátákó náà mọ́ àyà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì.

"Kò sẹ́ni tó wá láti ìjẹta," ló wí. "Tú u lójú mi."

Rodiyat mú sukudiráfà. Inú ṣì ń bí i, ó ti mọ ohun tó máa rí, ó sì ti múra ọ̀rọ̀ tó máa sọ sílẹ̀. Àwọn ìdè onírin ẹ̀yìn pátákó ti dípẹtà débi pé ó ní láti fi epo sí wọn kí wọ́n tó yí. Ìyẹn nìkan tó láti pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tó gbé ìdérí kúrò, òwú aláǹtakùn ọdún mẹ́rin ló bo gbogbo inú rẹ̀, kò já níbì kankan. Kò sẹ́ni tó tú u rí.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà fún ìlà kọ̀ọ̀kan tó ń bu agbára sólà kù kó tó dé ara fóònù. Ìdè kan tó tó orí abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń yí láti fi wọn iná náà. Bí Rodiyat bá ti wọ̀n ọ́n tán, á kán kútẹ́ẹ̀sì pupa lé ìdè náà kó má bàa yí mọ́. Àṣà rẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlà ìsọ̀ wọn. Ó wo ìlà kìíní: pupa. Ìkejì, pupa. Ìkẹta, pupa. Ìdè ti ìkẹrin wà ní ìhòòhò.

Ó fi mítà tí wọ́n fi ń wọn agbára iná kàn án. Níbi tó yẹ kí ó wà ní fóòlùtì márùn-ún, mẹ́sàn-án ló wà, èyí tó pọ̀ tó láti jó fóònù.

Ó rántí. Kútẹ́ẹ̀sì ló tán lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé lọ́la ni òun máa wá parí ẹ̀, lọ́la kò sì dé. Ọdún mẹ́rin ni Bàbá fi ń gbé pátákó náà jáde láàárọ̀, tó ń gbé e wọlé nírọ̀lẹ́, tí ìdè náà ń yí díẹ̀díẹ̀.

Bàbá ń wò ó. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, kò sì mọ ohun tó wà níwájú òun. Bí Rodiyat bá ní eku ló gé wáyà, ọ̀rọ̀ tán. Èrò yẹn wá sí i lọ́kàn. Ó ti lé aláṣáà nítorí irọ́ tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ìbínú tó gbé e láti ọjọ́ yìí wá yíjú padà, ó sì bá a níbi tó wà. Ó ju sukudiráfà mọ́ ògiri.

"Bàbá, kò sẹ́ni tó tú u," ló wí. "Èmi ni mi ò parí iṣẹ́. Èmi ni mo pa fóònù wọn." Ó kúnlẹ̀ sáàárín ìsọ̀, níṣojú àwọn ọkùnrin ìlà ìsọ̀ rẹ̀.

"Dìde," ni Bàbá wí. "Ẹ̀rọ a máa bàjẹ́, mi ò bá ọ jà nítorí ìyẹn. O pè mí ní onírọ́ lójú àwọn ọmọ tí mo kọ́. Irinṣẹ́ wo lo fẹ́ fi tún ìyẹn ṣe?"

Rodiyat wọn ìlà kẹrin padà, ó kán kútẹ́ẹ̀sì sí i nípọn. Ó tún gbogbo fóònù inú abọ́ ṣe, kò gba kọ́bọ̀. Ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun ni òun jẹ̀bi, Bàbá kò purọ́. Èyí kò dé Emene. Àwọn tó gbọ́ ọ pàápàá ń fi í rẹ́rìn-ín: "Una don settle." Ẹlòmíràn ní, "Na her people now, she dey cover am." Inú bí Rodiyat. Ó fẹ́ bú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ wọn pé Bàbá ń purọ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò ṣí ìsọ̀. Ọ̀dọ̀ Bàbá ló lọ, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Bàbá kò lé e. Ó pẹ́ kí Rita tó dé, ó ń wo àwọn méjèèjì, kò mọ ẹni tó máa gbé fóònù fún.

Bàbá na ọwọ́, ó gba fóònù náà, ṣùgbọ́n kò tíì ki í bọ iná. "Kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀," ló wí, "bóyá onírọ́ ni mí."

Ojú ti Rita. "Àǹtí Rodi…"

"Bàbá ò purọ́," ni Rodiyat wí. "Èmi ni mo purọ́ mọ́ wọn."

Bàbá bá ki fóònù náà bọ iná.

Bí ó ti ṣe fún ẹni tó tẹ̀ lé e nìyẹn, àti ẹni tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Bí tíṣà ṣe máa ń mú ọmọ ìwé tún ọ̀rọ̀ pè, bẹ́ẹ̀ ló ń na ìka sí Rodiyat: béèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní kó tún un sọ, òun ò gbọ́. Rodiyat fẹ́ fi obìnrin yẹn gún ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún un sọ. Títí oòrùn fi kúrò láàárín ọ̀run, ó ti sọ ọ́ fún èèyàn mẹ́tàlá.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, oníkẹ̀kẹ́ kan yà síbẹ̀. Kì í ṣe ará àdúgbò, kò sí nínú Wáásáàpù wọn, kò gbọ́ nǹkan kan. Fóònù rẹ̀ ló fẹ́ kú. Bàbá mọ̀ pé àlejò ni, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ ohunkóhun, ó ti ń wá àyè sí i lórí ìlà kẹrin.

"Oga," ni Rodiyat wí láti orí bẹ́ǹṣì. "This Baba no dey lie o."

Oníkẹ̀kẹ́ náà yíjú sí i. "Madam, who talk say e dey lie?"

"Na me," ni Rodiyat wí. "Na me talk am."